Bode Thomas: Balógun Ọ̀yọ́ tó fẹ́ kí ẹni tí ará ìlú yàn máa ṣọ́ owó ìlú

Àwọn àgbà tó mọ òṣèlú ayé àtijọ́ kò lè gbàgbé Olóyè Bode Thomas, Balógun Ọ̀yọ́. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1919, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ó di lọ́yà ní Ìlú Ọba lọ́dún 1942, ó sì wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sílẹ̀ pẹ̀lú Olóyè Awólọ́wọ̀.

Nígbà náà, Nàìjíríà dà bí ilẹ̀ mẹ́ta tí òyìnbó so pọ̀: Àríwá, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Èkó ni àpò owó wà, òyìnbó ló sì di ẹnu àpò mú. Thomas fẹ́ kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan máa bójú tó ọrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mínísítà ètò ìrìnnà ni lóṣù kẹta ọdún 1953, nígbà tí àbá ìjọba ara ẹni dé iwájú ilé ìgbìmọ̀. Àwọn tó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ mínísítà ní kí mínísítà kankan má sọ̀rọ̀ sí i, kí wọ́n má sì dìbò. Thomas kọ̀. Òun, S. L. Akíntọ́lá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Arthur Prest àti Ọọ̀ni Adérẹ̀mí fi ipò sílẹ̀. Rògbòdìyàn yìí ló bí ìpàdé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà àti òfin tuntun ti 1954. Láti ìgbà náà ni Ìwọ̀-Oòrùn ti ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀ tó ń ra kòkó.

Nílé, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1952 gbé owó orí àti ìnáwó ìlú lé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn lọ́wọ́. Thomas di alága ìgbìmọ̀ ẹkùn Ọ̀yọ́, Aláàfin Adéyẹmí Kejì sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀. Ìlú pín sí méjì: àwọn kan rí ìlọsíwájú, àwọn mìíràn rí àfojúdi sí adé.

Thomas kú ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1953, lẹ́ni ọdún 34. Akíntọ́lá ló gba ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì olórí ẹgbẹ́. Ìjà kò tán síbẹ̀. Lọ́dún 1954 ni ìjà ìgboro bẹ́ sílẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n sì mú kí Aláàfin fi ìlú sílẹ̀.

Owó kòkó kúrò l'Ékòó, ó dé Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ àgbẹ̀ sì jàǹfààní rẹ̀. Síbẹ̀, bọ́ọ̀dù ló ń dá iye owó kòkó, kì í ṣe àgbẹ̀. Thomas bá wọn gbé àpò náà súnmọ́ ilé. Ẹnu rẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ ẹni tó gbin kòkó.