Alímọ́tù Pẹlẹ́wúrà

Alímọ́tù Pẹlẹ́wúrà (ó kú ní ọdún 1951) jẹ́ ẹlẹ́ja ní ìlú Èkó, alága ọjà Erékò, àti olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà Èkó ní àsìkò ìjọba amúnisìn. Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni bí ó ṣe ṣáájú àwọn ọlọ́jà láti kọ owó orí tí ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní ọdún 1940, àti láti tako iye owó tí ìjọba fi lé oúnjẹ lórí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kò mọ̀wé kọ, kò sì mọ̀wé kà, síbẹ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ wà lára ohun ìjà rẹ̀ tó mú jù lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti òwò

Inú ìdílé Mùsùlùmí ní Èkó ni ó ti wá. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń tà, òun náà sì jogún òwò náà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1900, ó ti di ẹni tí orúkọ rẹ̀ rinlẹ̀ láàárín àwọn oníṣòwò Èkó, Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ sì fi oyè dá a lọ́lá ní 1910. Lẹ́yìn èyí ni àwọn obìnrin ọjà Erékò yàn án ní alága wọn. Yíyàn ni wọ́n yàn án. Kì í ṣe pé ó jogún ipò náà.

Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà

Ní àwọn ọdún 1920 ni àwọn obìnrin láti oríṣiríṣi ọjà Èkó para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Pẹlẹ́wúrà sì ni olórí wọn. Wọ́n ń dá owó, wọ́n sì ń mú nínú rẹ̀ san owó akọ̀wé tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ń bá wọn kọ lẹ́tà sí ìjọba. Wọ́n wà lẹ́yìn Herbert Macaulay, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, gbágbáágbá. Ní 1932, Pẹlẹ́wúrà di ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìlú tí ó ń gba Ọba nímọ̀ràn. Níbẹ̀ ni ó ti ń gbẹnu sọ fún aṣojú 84 láti ọjà 16.

Ní ọdún yẹn kan náà ni a gbọ́ ọ tì í gbọ́ pé ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti ń san owó orí láti 1918. Ní 1929, irú àhesọ bẹ́ẹ̀ ló dá Ogun Àwọn Obìnrin sílẹ̀ ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, níbi tí ìbọn ìjọba ti pa obìnrin tó lé ní 50. Àwọn ọlọ́jà Èkó rán aṣojú lọ bá olórí ìjọba ìlú náà, ó sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ní 1936, ìjọba tún fẹ́ ṣí ọjà Erékò lọ sí Olúwọlé. Àwọn obìnrin kò kúrò. Ọlọ́pàá mú Pẹlẹ́wúrà àti àwọn kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ariwo tí àwọn ìyókù pa mú kí wọ́n tú wọn sílẹ̀.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ọdún 1940

Ìlérí ọdún 1932 kò pé ọdún mẹ́wàá. Ní 1940, òfin owó orí tuntun jáde pé obìnrin tí ó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún yóò máa san owó orí. Kí òǹkàwé tó lè mọ ìdí tí èyí fi dun àwọn obìnrin tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ bí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe rí nígbà náà. Lábẹ́ òfin tí Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ ní 1922, ènìyàn mẹ́rin péré ni ìlú ń dìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ náà, mẹ́ta láti Èkó, ẹnì kan láti Calabar. Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá tó £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò, obìnrin kankan kò sì lè dìbò. Ọkùnrin tí kò ní £100 kò tó ẹni tó ń dìbò, ṣùgbọ́n obìnrin tó ní díẹ̀ ju £50 lọ tó ẹni tó ń san owó orí.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, àwọn obìnrin tó lé ní 100 wọ́ lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà tí ó ń ṣàkóso Èkó. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ ní ìtẹ̀ka obìnrin tó lé ní 200 nínú. Ẹ̀bẹ̀ ni a ń pè é, ṣùgbọ́n ìwé náà kò kúnlẹ̀. Àlàyé tí Pẹlẹ́wúrà ṣe ni pé ogun ti ba ọjà jẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin, àwọn ìyàwó ló sì ń bọ́ ilé. Àti pé kò tọ́ kí a gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìbò. Nígbà tí Kọmíṣọ́nà sọ pé àwọn obìnrin ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ń san án, ó dá a lóhùn pé Gẹ̀ẹ́sì ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe owó, tálákà sì ni ará Áfíríkà.

Wọ́n ti gbogbo ọjà Èkó pa. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Gómìnà Bourdillon fi gbé iye náà kúrò ní £50 sí £200, èyí tí ó yọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọlọ́jà kúrò. Ìjọba kò fagi lé owó orí obìnrin pátápátá, nítorí náà a kò lè pe èyí ní ìṣẹ́gun tán pátá.

Ọ̀rọ̀ gàrí

Láti 1941 ni ìjọba ti ń fi iye lé oúnjẹ lórí nítorí ogun, ọ̀gá tí ó sì ń rí sí i ni Kapúténì A. P. Pullen. Iye tí wọ́n fi lé gàrí kò tó ohun tí ọlọ́jà fi rà á àti owó ọkọ̀ tí ó fi gbé e wọ Èkó. Ẹni tó bá tẹ̀ lé òfin yóò jẹ gbèsè, ẹni tó bá sì rú u yóò dé ilé ẹjọ́. Gàrí wọ́n, àwọn ènìyàn tò fún un, òwò abẹ́lẹ̀ sì gbilẹ̀. Pullen pe Pẹlẹ́wúrà kí ó wá bá òun ṣe é. Ó kọ̀, ó jẹ́ kí ó yé e pé bí wọ́n tilẹ̀ máa san £100 fún òun lóṣooṣù, òun kò ní bá wọn fi ebi pa ìlú òun. Ìjà náà falẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945, nígbà tí ìjọba mú ọwọ́ kúrò.

Ìgbẹ̀yìn

Ní 1950, nígbà ìdìbò sí Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó, gbogbo àgbàlagbà, tọkùnrin tobìnrin, ló ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Pẹlẹ́wúrà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, Àbíbátù Mọ́gàjí di olórí àwọn ọlọ́jà Èkó.