Yaa Asantewaa àti Ogun Àga Wúrà

Ẹni tí ó bá dé Kumasi ní orílẹ̀-èdè Ghana, tí ó sì gba ọ̀nà àríwá jáde, kò ní í pẹ́ gbọ́ ìró òòlù. Suame Magazine ni ó dé yẹn, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹkáníìkì àti alágbẹ̀dẹ ti ń tún ọkọ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń sọ irin àlòkù di ohun èlò tuntun. Magazine, ní èdè àwọn sójà, ni ilé tí a ń kó ìbọn àti ẹ̀tù pamọ́ sí. Ẹ̀gbẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àárín ìlú ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí lọ sí Suame, wọ́n kó orúkọ náà dání. Ó yẹ nígbà náà kí a rántí obìnrin tí ó gbé ogun ko ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú yìí, àti ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jà. Bí a bá wo ogun náà láti òkèèrè, ẹ̀rín ni ìbá pa wá, bí kò bá ṣe ti ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni a bí Yaa Asantewaa ní Besease, lẹ́bàá Ejisu. Àgbẹ̀ ni. Nígbà tí arákùnrin rẹ̀ jọba Ejisu, ó fi í jẹ oyè Ìyá-Ọba, oyè tí kì í ṣe ti àfẹnujẹ láàárín àwọn Asante, nítorí Ìyá-Ọba ni ń fa ẹni tí yóò jọba kalẹ̀. Lẹ́yìn ikú arákùnrin náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ gorí oyè. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1896 àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ Kumasi, wọ́n mú Asantehene Prempeh Kìíní lọ sí ìgbèkùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ìjòyè púpọ̀. Ọmọ-ọmọ Yaa Asantewaa wà nínú wọn. Ọba náà kò jẹ́ kí a yin ìbọn kan, kí ìlú rẹ̀ má baà run. Láti ìgbà náà ni Yaa Asantewaa ti ń ṣe àkóso Ejisu fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1900, Gómìnà Frederick Hodgson pe àwọn ọba àti ìjòyè jọ ní Kumasi. Ó sọ fún wọn pé Prempeh kò ní í padà wá mọ́. Lẹ́yìn náà ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi gbé Àga Wúrà wá kí òun jókòó lé e.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí àga yìí jẹ́. Àpótí ìjókòó onígi tí a fi wúrà bò ni. Wọ́n gbà pé Okomfo Anokye ni ó pè é sọ̀kalẹ̀ láti òfuurufú ní ayé Osei Tutu, àti pé ẹ̀mí gbogbo Asante, òkú àti alààyè, ń bẹ nínú rẹ̀. Ọba kan kò jókòó lé e rí; àga náà ní àga tirẹ̀ tí a ń gbé e lé. Àfi bí ìgbà tí àlejò kan wọ ààfin ọba Yorùbá, tí ó ní kí a gbé adé wá kí òun fi bo orí nítorí oòrùn, nígbà tí ọba tí ó ni adé kò gbọdọ̀ wo inú rẹ̀.

Àwọn ìjòyè kò fèsì, wọ́n túká. Nígbà tí wọ́n péjọ ní ìkọ̀kọ̀, àwọn ọkùnrin ń ṣe iyèméjì, àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ lọ bẹ Gómìnà kí ó dá ọba wọn padà. Yaa Asantewaa ni ó dìde, tí ó sì sọ fún wọn pé bí àwọn ọkùnrin kò bá jà, àwọn obìnrin yóò jà. Wọ́n fi í ṣe olórí ogun. Àwọn sójà tí Gómìnà rán lọ wá àga náà nínú igbó kò rí nǹkan kan mú bọ̀ àfi ọgbẹ́ ìbọn.

Àwọn Asante dó ti odi Gẹ̀ẹ́sì ní Kumasi, wọ́n sì fi igi dínà gbogbo ọ̀nà. Gómìnà tí ó wá gba ìjókòó kò rí àyè dìde mọ́. Ebi àti àrùn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú odi kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó já gbà jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ni ẹgbẹ́ ogun Ọ̀gágun Willcocks tó dé láti gba àwọn ìwọ̀nba sójà tí wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ta ni wọ́n kó wá gbà wọ́n? Ní òpin oṣù kẹrin, àwọn sójà láti Èkó ti dé Kumasi. Nínú àwọn tí Willcocks kó wá láti apá Òkè Ọya, Hausa wà, Nupe wà, Yorùbá náà sì wà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó mọ iyì adé ni wọ́n gbé ìbọn lé lọ́wọ́ kí wọ́n lọ pa ẹni tí ń dáàbò bo ohun àlùmọ̀ tirẹ̀. A kò sọ èyí láti dá àwọn baba wa lẹ́bi, nítorí owó oṣù ni wọ́n ń jẹ, àṣẹ sì ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ogun yìí, kí ó má ṣe fo ojú ìwé náà.

Ogun rọlẹ̀ ní òpin oṣù kẹsàn-án. Wọ́n mú Yaa Asantewaa, wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù Seychelles, níbi tí Prempeh wà. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1902, ilẹ̀ Asante bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n gba ọba, wọ́n gba Ìyá-Ọba; àga tí wọ́n torí rẹ̀ jà nìkan ni wọn kò rí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1921 ni Yaa Asantewaa kú sí ìgbèkùn. Ní ọdún yẹn kan náà ni àṣírí tú pé àwọn tí ń la ọ̀nà ti ṣèèṣì kan ibi tí a sin Àga Wúrà sí, àti pé àwọn ọmọ Asante kan ti bọ́ wúrà ara rẹ̀ tà. Àwọn ìjòyè dájọ́ ikú fún wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yí i padà sí lílé kúrò nílùú, ó sì kéde pé òun kò ní ohunkóhun í fi àga náà ṣe mọ́. Ohun tí Hodgson ìbá ti ṣe ní ọjọ́ kan péré láìyin ìbọn, ọdún mọ́kànlélógún ni ó gbà wọ́n, pẹ̀lú òkú lọ́tùn-ún lósì.

Prempeh padà sílé ní ọdún 1924. Lẹ́yìn náà a gbé òkú Yaa Asantewaa padà wá sin ní ilẹ̀ baba rẹ̀. Ní ọdún 1960 a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Kumasi. Odi tí wọ́n dó tì ti di ilé tí a ń kó ohun ìrántí ogun sí, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń sanwó wọ ibẹ̀. Àga Wúrà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, kò sì sí ẹni tí ó jókòó lé e títí di òní.