Anquetil-Duperron: Ẹni tí Wọ́n Pè ní Òpùrọ́

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí bá Abraham Hyacinthe Anquetil-Duperron mu. Ìlú Páríìsì, ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ọdún 1731.

Ní ọdún 1754, wọ́n fi ojú ìwé mélòó kan hàn án, èyí tí wọ́n dà kọ láti inú ìwé àfọwọ́kọ tó wà ní Yunifásítì Oxford. Ara Avesta ni, ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Zoroaster, ẹ̀sìn àwọn ará Ìráànì àtijọ́. Kò sí ọ̀mọ̀wé Yúróòpù tó lè kà á nígbà náà. Anquetil pinnu pé òun yóò kà á. Ó mọ̀ pé àwọn Pásì, àwọn tí baba ńlá wọn kúrò ní Ìráànì lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, ṣì ń ṣe ẹ̀sìn náà. Kò lówó ọkọ̀, ó sì forúkọ sílẹ̀ láti ṣe sójà fún iléeṣẹ́ òwò Faransé ní Íńdíà. Nígbà tí ìjọba gbọ́, wọ́n fún un ní àyè ọ̀fẹ́ nínú ọkọ̀. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó wọkọ̀ ní ọdún 1755.

Ó rí ogun, ó rí àìsàn, kó tó dé Surat ní ọdún 1758. Níbẹ̀ ni ó ti jókòó síwájú àlùfáà Pásì kan tó ń jẹ́ Darab, tó fi èdè Páṣíà túmọ̀ Avesta fún un. Ní ọdún 1762, ó kó ìwé àfọwọ́kọ 180 padà sí Páríìsì, ó sì fi wọ́n sí ilé ìkàwé ọba.

Ó tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1771. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó tàbùkù àwọn ọ̀mọ̀wé Oxford. Lọ́dún náà gan-an ni William Jones, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Oxford, kọ ìwé ta kò ó. Ó ní irú ọ̀rọ̀ wúruwùru bẹ́ẹ̀ kò lè ti ẹnu Zoroaster jáde. Àwọn mìíràn gbà pé ayédèrú ni ìwé náà.

Anquetil kò rí òpin ẹjọ́ yìí. Ó kọ̀ láti búra fún Napoleon, ó sì kú nínú òṣì ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, ọdún 1805. Ní ọdún 1826 ni Rasmus Rask, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, fi hàn pé èdè àtijọ́ tòótọ́ ni èdè Avesta, àti pé ìbátan Sáńskríìtì ni. Láti ọdún 1833, Eugène Burnouf bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde, ó sì tún ọ̀pọ̀ àṣìṣe Anquetil ṣe. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí Anquetil fúnra rẹ̀ kó wálé ni ó fi ṣe é.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àṣìṣe kì í ṣe irọ́. Anquetil ṣi ọ̀rọ̀ púpọ̀ túmọ̀, ṣùgbọ́n ó lọ bá àwọn tó ni ọ̀rọ̀, ó sì fi ẹ̀rí sílẹ̀ fún ẹni tí yóò tún un ṣe.