Edward L. Thorndike: Ìgbésí Ayé Ẹni tó Wádìí Bí Ọmọdé Ṣe Ń Kọ́ Ìṣirò

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òwe yìí bá ìgbésí ayé Edward Lee Thorndike mu gan-an. Ó ṣòro kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní ilẹ̀ wa tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìgbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí. Òfin mẹ́ta tó gbé kalẹ̀ nípa ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a máa ń há sórí fún ìdánwò: òfin ìmúrasílẹ̀, òfin àṣetúnṣe àti òfin àyọrísí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í sábà gbọ́ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló padà wó apá kan nínú ilé tó kọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, a óò sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí, a ó sì fi hàn pé àtúnṣe tó ṣe yìí gan-an ló yẹ kí olùkọ́ ìṣirò mú lò jù.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1874 ni wọ́n bí Thorndike sí ìlú Williamsburg ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá rẹ̀, nítorí náà, ìdílé wọn kì í pẹ́ níbì kan kí iṣẹ́ ìjọ tó gbé wọn lọ sí ibòmíràn. Ilé ọ̀mọ̀wé ni ilé náà; àwọn arákùnrin rẹ̀ méjèèjì, Ashley àti Lynn, di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia bíi tirẹ̀.

Thorndike gboyè ní Yunifásítì Wesleyan ní ọdún 1895, ó sì lọ sí Harvard, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ William James. Ó fẹ́ fi òròmọdìẹ wádìí bí ẹranko ṣe ń kọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n onílé tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kò gbà kí ó máa sin adìẹ sínú yàrá. William James ló yọ̀ǹda yàrá abẹ́ ilé tirẹ̀ fún un. Nígbà tó sì ń lọ sí Columbia ní ìlú New York láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ James McKeen Cattell, inú apẹ̀rẹ̀ ló gbé méjì nínú àwọn adìẹ náà sí lọ.

Ológbò Inú Àpótí

Ní Columbia, ológbò ló gba ipò adìẹ. Thorndike kan àpótí, ó ti ológbò tí ebi ń pa mọ́ inú rẹ̀, ó sì gbé ẹja síta. Ológbò náà kò lè jáde àfi bó bá fa okùn kan tàbí tó tẹ igi kan mọ́lẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, yóò máa họ, yóò máa bu igi jẹ, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi ṣèèṣì kan okùn. Bí wọ́n bá ti ń dá a padà sínú àpótí lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tó ń lò ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni, tí kì í ṣe lójijì, Thorndike gbà pé kì í ṣe àròjinlẹ̀ ló kọ́ ológbò náà. Ìṣe tó yọrí sí rere ló so mọ́ ipò tí ẹranko náà wà; èyí tí kò yọrí sí rere sì ń rẹ̀ dànù. Lórí iṣẹ́ yìí ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1898.

Láti Ọ̀dọ̀ Ológbò Dé Kíláàsì Ìṣirò

Ní ọdún 1899, Thorndike di olùkọ́ ní Teachers College ti Columbia, níbi tó ti lo nǹkan bí ogójì ọdún. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé bí òkúta ìpọ́nbẹ ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ ni ìṣirò ń pọ́n ọpọlọ, àti pé ohun yòówù kí a fi kọ́ ọmọ, yóò wúlò fún un níbi gbogbo. Ní ọdún 1901, Thorndike àti Robert Woodworth dán èyí wò. Wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn láti máa fojú díwọ̀n bí àwọn bébà kan ti tóbi tó. Nígbà tí wọ́n wá yí bébà náà padà sí òmíràn tó yàtọ̀ ní ìtóbi tàbí ní ìrísí, ìmọ̀ tí wọ́n ti ní kò ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ kan ń ṣí sórí òmíràn kìkì níwọ̀n bí àwọn méjèèjì bá ti ní ohun tó pa wọ́n pọ̀.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ló kọ àwọn ìwé ìṣirò fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 1917, àti ìwé rẹ̀ tó dá lórí sáíkọ́lọ́jì ìṣirò ní ọdún 1922. Ó tú ìṣirò palẹ̀ bí ẹni tú aago. Ó fi hàn pé àròpọ̀ àwọn nọ́ńbà tí a tò sókè-sódò, tí àgbà ń wò bí ohun kan ṣoṣo, jẹ́ àkójọpọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan: kí ọmọ má ṣi ìlà tó wà, kí ó fi èsì tó ti rí sọ́kàn títí yóò fi kan nọ́ńbà tó kàn, kí ó ro nọ́ńbà tó ń fojú rí pọ̀ mọ́ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ó fo àyè tó ṣófo, kí ó sì rántí èyí tó gbé lọ sí ìlà kejì. Ọmọ lè mọ mẹ́rin nínú márùn-ún, kí ó sì gba òdo. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó pe ọmọ ní olódo, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá èyí tó já nínú àwọn ìsopọ̀ náà.

Ó tún yẹ àwọn ìwé ìṣirò ìgbà náà wò. Ó rí i pé wọ́n ń fi èyí tó rọrùn dán ọmọ wò lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí èyí tó le kò tó nǹkan. Ó sì bẹnu àtẹ́ lu ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò lè bá pàdé láyé.

Ìgbà tó Yí Èrò Rẹ̀ Padà

Òfin àṣetúnṣe sọ pé bí a bá ti ń ṣe nǹkan lemọ́lemọ́ ni ìsopọ̀ rẹ̀ ń lágbára. Thorndike tún padà yẹ òfin yìí wò. Ó ní kí àwọn ènìyàn di ojú, kí wọ́n máa fa ìlà tó gùn ní ínṣì 4. Wọ́n fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún wọn bóyá wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á. Ìlà ìkẹyìn kò sàn ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ó tún rí i pé bí èrè ṣe ń fún ìsopọ̀ tó tọ̀nà lágbára, ìyà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ láti pa èyí tí kò tọ̀nà rẹ́.

Ní ọdún 1929, níbi àpérò àgbáyé àwọn onísáíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Yale, ó dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti ṣàṣìṣe. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni nígbà náà, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn káàkiri.

Àwọn mìíràn tún tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1935, William Brownell tako fífi àṣetúnṣe lásán kọ́ ìṣirò. Lójú tirẹ̀, ìtumọ̀ àti àjọṣe tó wà láàárín nọ́ńbà ló yẹ kí ọmọ rí. Èyí yé àwa Yorùbá dáadáa. Ọmọ tó pe mẹ́tàdínlógún ti yọ ẹẹ́ta kúrò nínú ogún lẹ́nu; bí olùkọ́ kò bá là á yé e, orúkọ lásán ló há sórí.

Àléébù Rẹ̀

Kò yẹ kí a fi ibi kan pamọ́. Thorndike gbà pé àjogúnbá ló ń pinnu ọgbọ́n ènìyàn jù lọ. Ó kọ ohun tó tàbùkù àwọn ẹ̀yà mìíràn àti obìnrin, ó sì ṣe àtìlẹ́yìn fún èrò pé kí a máa ṣa irú ẹni tí yóò bímọ. Ó kú ní Montrose, ìpínlẹ̀ New York, ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, ọdún 1949. Ní ọdún 2020, Teachers College yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ilé tí wọ́n ti fi sọrí rẹ̀.

Ìkádìí

Kíké àtẹ ìsọdipúpọ̀ lápapọ̀, pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́ olùkọ́, kò ṣàjèjì sí wa. Bí a bá ní òfin Thorndike ló fàṣẹ sí i, a kò sọ òótọ́ tán. Ohun tí ọkùnrin náà rí ní ìkẹyìn ni pé ọmọ tó ń tún nǹkan ṣe láìmọ̀ bóyá ó gbà á kò kọ́ nǹkan kan, àti pé ìyà kì í nu àṣìṣe nù. Kí àwa olùkọ́ máa tètè jẹ́ kí ọmọ mọ ibi tó ti gbà á àti ibi tó ti ṣì í. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì rí i pé ọ̀nà tí òun fi ń kọ́ni kò so èso, kí ó rántí ẹni tó dìde ní Yale. Jíjẹ́wọ́ àṣìṣe kò bu iyì olùkọ́ kù.