Ayọ̀délé Awójọbí: Ọmọ Ọ̀gá Rélùwéè Tó Fi Calculus Wo Ilẹ̀ Tó Ń Mì

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù láàárín àwa ọmọ SS2 ní táàmù yìí ni pé kí la fẹ́ fi calculus ṣe láyé wa. Ó ti le débi pé àwọn kan ti fẹ́ fi Further Maths sílẹ̀. Àwọn tó ń béèrè kì í ṣe ọ̀lẹ o. Wọ́n ti ṣe integration títí ọwọ́ fi ń dùn wọ́n, wọn ò sì tíì rí ẹnì kan, láti Navy Town dé Okokomaiko, tó ń fi í jẹun. Mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán dáhùn. Ìtàn ọkùnrin ará Èkó kan ni mo fẹ́ sọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Olúwatúmininú Awójọbí, tó ti kú láti 1984, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ṣì wà lọ́mọdé.

Oshodi ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 12 oṣù March, 1937. Ará Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, Daniel Adékọ́yà Awójọbí, ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, wá láti Modákẹ́kẹ́. Ó ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní St. Peter's ní Fàájì, ó sì wọ CMS Grammar School.

Ìtàn kan wà nípa rẹ̀ ní iléèwé yẹn tí inú mi máa ń dùn sí. Wọ́n fẹ́ ṣe eré Macbeth tí Shakespeare kọ. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀ ni àìsàn gbé ẹni tó fẹ́ ṣe Macbeth fúnra rẹ̀ dè, ni wọ́n bá bẹ Awójọbí pé kó gba ipò náà. Nígbà tí ọjọ́ eré pé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Macbeth nìkan ló mọ̀ sórí, gbogbo ìwé náà ni, débi pé òun ló ń rán àwọn tó gbàgbé létí, bí òun náà ṣe ń ṣe tirẹ̀ lọ. Bí orúkọ Macbeth ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Kí àwọn ọmọ Art má rò pé tiwa nìkan ni o. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ mìíràn ni Dead Easy, mi ò rò pé ìyẹn nílò àlàyé.

Ní 1955 ó gba distinction mẹ́jọ nínú ìdánwò àṣejáde. Ní 1958, ní Nigerian College of Arts, Science and Technology tó wà ní Ìbàdàn, ó tún gba distinction nínú físíìsì, Pure Maths àti Applied Maths. Ẹ̀ka kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà tó wà ní Zaria ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ẹ̀rọ, ó jáde pẹ̀lú First Class ní 1962, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Imperial College ní London. Mo ń sáré kọjá níbí torí pé èsì ìdánwò kọ́ ni mo wá sọ. Ohun tó fi ọpọlọ yẹn ṣe ní London ló kàn wá. A ò sì lè rí i kedere àfi ká kọ́kọ́ padà sídìí wáyà gígùn tí olùkọ́ físíìsì wa yà sójú bọ́ọ̀dù.

Òfin Coulomb tí gbogbo wa mọ̀ sórí, ti charge tó kóra jọ sójú kan ṣoṣo ni. Ká ní charge bíńtín kan wà níbì kan, tí electric field rẹ̀ jẹ́ 18 newton fún coulomb kọ̀ọ̀kan ní mítà kan sí i. Tí a bá sún lọ sí mítà méjì, kò ní jẹ́ 9. 4.5 ni yóò jẹ́, torí pé bí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, a ó pín agbára náà sí mẹ́rin. Ó tán. Ṣùgbọ́n wáyà kì í ṣe ojú kan. Ó gùn. Apá kan rẹ̀ sún mọ́ wa, apá kan jìnnà gan-an. Jíjìn èwo la fẹ́ fi sínú òfin?

Ohun tí calculus ní ká ṣe ni pé ká gé wáyà náà wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá, kí ègé kọ̀ọ̀kan kéré débi tí a fi lè pè é ní ojú kan. Ká fi òfin Coulomb wá ti ègé kọ̀ọ̀kan, ká wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìròpọ̀ yẹn ni integration. Àmì tó dà bí S gígùn tó ń bà wá lẹ́rù yẹn, ìròpọ̀ lásán ló túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n field ní ibi tó ń kọjú sí, ẹ rántí. Ègé tó wà lápá òsì ń tì wá sí ọ̀tún díẹ̀, èyí tó wà lápá ọ̀tún ń tì wá sí òsì díẹ̀. Bí wáyà náà bá gùn gan-an, àwọn méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, èyí tó ń tì wá jáde gbọnrangandan kúrò lára wáyà nìkan ló máa kù. Nígbà tí a bá rò ó tán, èsì rẹ̀ yani lẹ́nu: wáyà tó fún wa ní 18 ní mítà kan á fún wa ní 9 ní mítà méjì, kì í ṣe 4.5. Ìdí ni pé bí a ṣe ń jìnnà sí i, ibi tó pọ̀ sí i lára wáyà náà ló ń tì wá síwájú tààrà, ìyẹn sì ń dí díẹ̀ lára ohun tí jíjìn gbà lọ́wọ́ wa.

Wáyà rọrùn, torí wọ́n ti sọ fún wa pé charge náà tẹ́ dọ́gba lára rẹ̀. Ẹ wá mú àwo irin pẹrẹsẹ kan, ẹ fi charge sí i. Ta ló sọ fún yín bó ṣe tẹ́ sí ojú àwo náà? Kò sẹ́ni tó sọ. Charge ń lé ara wọn, etí àwo ni wọ́n sì máa ń sá lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọ̀ jù. Ohun méjì péré la mọ̀: potential gbọ́dọ̀ dọ́gba káàkiri ojú irin náà, kò sì sí charge kankan lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ iye tó wà nínú àpò àjọ fún wa, tí wọn ò sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá, tí wọ́n wá ní ká lọ wá a. Integration méjì ló ń bá ara wọn rìn níbẹ̀, ọ̀kan fún ojú àwo, ọ̀kan fún ìta rẹ̀. Dual integral equations ni wọ́n ń pè wọ́n. Ará Jámánì kan, Heinrich Weber, ló yanjú ti àwo oníná yìí ní 1873.

Mo mọ̀ pé mo ti gbé yín jìnnà sí Èkó, ẹ má bínú, a ti dé ọ̀dọ̀ Awójọbí báyìí. Ẹ yọ àwo irin kúrò, ẹ fi kọnkéré rọ́pò rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ńlá lé e, irú jẹnẹrétọ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tan án, abọ́ á máa mì lórí tábìlì ilé kejì. Kọnkéré náà le, kò ní tẹ̀, gbogbo ìdí rẹ̀ ló ń lọ sókè sódò pa pọ̀. Ilẹ̀ sì ń tì í padà. Apá ibo ni ilẹ̀ ti ń tì í jù? A mọ bí ìdí kọnkéré náà ṣe ń sún. A sì mọ̀ pé kò sí ohun tó ń tẹ ilẹ̀ lẹ́yìn etí rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ìbéèrè àwo oníná ló pààrọ̀ aṣọ. Bí ẹ̀rọ náà bá dúró jẹ́ẹ́ tí kò mì, ìdáhùn méjèèjì tiẹ̀ bára mu: etí kọnkéré ni ilẹ̀ ti ń ti nǹkan jù, bí charge ṣe ń pọ̀ jù ní etí àwo.

Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n tan kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń rán ìgbì wọ inú ilẹ̀ lọ, ìgbì yẹn sì ń gbé agbára lọ tí kò ní padà wá mọ́. Ibi tí ìṣirò náà ti le gan-an nìyẹn, ibẹ̀ sì ni Awójọbí jókòó sí. Ní 1965, òun àti P. Grootenhuis ti Imperial College gbé iṣẹ́ jáde nínú ìwé ìmọ̀ tí Royal Society ń tẹ̀ ní London, lórí bí ohun líle ṣe ń mì lórí ilẹ̀. Dual integral equations yẹn náà ni wọ́n lò. Ọmọ ọdún 28 ni. Ó gba PhD ní 1966, ó sì padà sílé wá kọ́ni ní Fáfitì Èkó ní Akoka.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Ojo ju bí a ṣe rò lọ. Iyanrìn àti omi ló pọ̀ nínú ilẹ̀ wa. Tírélà ń kọjá lórí Badagry Expressway tọ̀sán-tòru. Ojo níbí ni Volkswagen kọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí ní àwọn ọdún 1970, ibi tí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣì ń pè ní Volks títí dòní. Rélùwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní 2023, Okokomaiko ni wọ́n ní ó máa parí sí. Ẹnjiníà èyíkéyìí tó bá fẹ́ gbé irú nǹkan báyìí lé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè bí ilẹ̀ náà á ṣe mì. Ọmọ ọ̀gá rélùwéè kan láti Èkó sì wà lára àwọn tó wá ìdáhùn.

Ní 1974, Imperial College fún un ní DSc, oyè tó ga ju PhD lọ, tí wọn kì í sábà fún ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹnjiníà ẹ̀rọ níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Akoka.

Kì í ṣe orí bébà nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́ o. Ní ọjọ́ 2 oṣù April, 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, sitẹ́rìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì wá wà ní apá tí kò yẹ. Awójọbí mú ọkọ̀ Opel tirẹ̀, ó gbé sitẹ́rìn rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Lẹ́yìn náà ló mú jíìpù kan, ó fi sitẹ́rìn kejì sí òdìkejì rẹ̀, ó sì tún un ṣe débi tó fi lè fi gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré lọ síwájú, kó tún fi gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré padà sẹ́yìn láìyí po. Autonov 1 ló sọ ọ́. Ẹ ro ọkọ̀ ológun tí ọ̀tá dènà dè lójú ọ̀nà tóóró. Àwọn ọmọ bárékè tó wà láàárín wa á tètè mọ ohun tí ìyẹn já mọ́. Ó dùn mí pé kò di ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe tà.

Apá tó kù nínú ayé rẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń jiyàn lé lórí. Nínú ìdìbò 1979, òfin ní ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà náà. Ẹ ṣe é wò: 12⅔ ni. Shehu Shagari ní ìdá yẹn ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní, kò tó 25. Ṣé ìpínlẹ̀ 13 ni òfin ń béèrè ni, àbí kí wọ́n gé Kano sí mẹ́ta kí wọ́n mú méjì? Àjọ elétò ìdìbò gé e, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fara mọ́ ọn ní September, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ ò gbà. Bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe pàdánù nìyẹn.

Awójọbí wà lára àwọn tí kò gbà. Èrò tèmi rèé, ẹ lè máà fara mọ́ ọn: wáyà ṣeé gé wẹ́wẹ́ títí, torí pé ègé wáyà ṣì jẹ́ wáyà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano kì í ṣe ìpínlẹ̀, kò ní gómìnà, kò ní ààlà lórí máàpù. Ẹni tó mọ calculus ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí kò ṣeé gé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé òfin bó ṣe ka Macbeth. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́, ó sì pàdánù. Ó kọ ìwé kan tó pè ní Where Our Oil Money Has Gone. Àwọn kan sọ pé ì bá jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, pé ilé-ẹjọ́ gba agbára tó yẹ kó fi ṣe Autonov kejì. Mo gbọ́ wọn, mi ò kàn rí bí ẹni tó fi ọdún púpọ̀ wá bí ilẹ̀ ṣe ń ti kọnkéré padà ṣe lè gbọ́ ìṣirò tí kò pé nínú rédíò, kó sì dákẹ́. Ní òpin 1983 àwọn ológun gbàjọba, ọ̀rọ̀ ìdìbò sì tán síbẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù September, 1984. Ọmọ ọdún 47 ni. LASU tó wà nítòsí wa níbí ṣẹ̀ṣẹ̀ pé bí ọdún kan nígbà yẹn. Ọgbà kan wà ní Onike ní Yaba tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, ère rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ àti ẹ̀rọ sì ṣì ń tọ́ka sí iṣẹ́ 1965 yẹn.

Mo ti kọ ìṣirò wáyà náà ní kíkún sórí bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, láti ègé àkọ́kọ́ títí dé 9 yẹn. Ẹ mú pẹ́nsùlù dání bí ẹ bá ń bọ̀.