Baruch Blumberg: Ọkùnrin tí ó Tọpa Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀ Dé Orísun Rẹ̀

Ìtàn ìgbésí ayé tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọmọ ìjọ wa, nítorí pé ọmọ Júù ni ọkùnrin náà. Ohun tí ojú wa rí ní Àgbàdo níbí ni ó mú wa lọ ka ìtàn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin, bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n. Ibà pọ́njú ni gbogbo ènìyàn pè é, oṣù mẹ́rin gbáko ni ó sì fi mu àgbo. Nígbà tí ikùn rẹ̀ wú, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ. Dókítà kan ní kí ó lọ ya àwòrán inú, èkejì ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀kẹta ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Kò sí èyí tí ó bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí ẹnikẹ́ni tó là á yé ìdílé náà pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, àti pé ó ti wọra. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ rẹ̀ bi wá léèrè ibi tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ìbéèrè náà ni Blumberg rí ìdáhùn sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni ó ń wá ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1925 ni a bí Baruch Samuel Blumberg ní Brooklyn, ní ìlú New York. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Júù ni ó ti kọ́kọ́ kàwé, níbi tí ó ti ka Ìwé Mímọ́ ní èdè Hébérù. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó gba oyè nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1946, ó sì ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò kí bàbá rẹ̀ tó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yà sí ìṣègùn. Ó di dókítà ní Yunifásítì Columbia ní 1951. Ọdún kan ṣáájú èyí, ó ti lo oṣù mélòó kan ní Moengo, ìlú àwọn awakùsà ní orílẹ̀-èdè Suriname. Níbẹ̀ ni ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn tí ń gbé ojú kan náà kì í ṣàìsàn bákan náà: àrùn a dá ẹnìkan wólẹ̀, a sì fo aládùúgbò rẹ̀ dá. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Òun náà ni ó gbé e wá sí Nàìjíríà ní 1957, ọdún tí ó parí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Oxford. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso wa nígbà náà, ọdún náà sì ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Blumberg gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ onírúurú ènìyàn, ó ń wá ohun àjogúnbá tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Kò mẹ́nu kan jẹjẹrẹ.

Ní 1963, òun àti dókítà kan tí ń jẹ́ Harvey Alter (ẹni tí ó wá gba ẹ̀bùn Nobel tirẹ̀ ní 2020) ń fi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà dán ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn káàkiri ayé wò. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan ní New York bá ti ọmọ onílẹ̀ kan láti Australia fèsì. Wọ́n sọ ohun tuntun tí wọ́n rí ní orúkọ Australia, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí í ṣe. Blumberg kọ́kọ́ rò pé ó bá jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tan. Ó ṣì í. Ní 1964 ó kó lọ sí ilé ìwádìí jẹjẹrẹ ní Philadelphia, ó sì kó ènìyàn jọ: dókítà, onímọ̀ ìran, onímọ̀ kòkòrò àrùn, àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláìsàn kan tí wọn kò rí ohun náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá rí i lára rẹ̀ nígbà tó yá. Wọ́n wádìí, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn láàrin ìgbà méjèèjì. Ní 1967, obìnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn gan-an ṣàìsàn ẹ̀dọ̀, àyẹ̀wò wọn sì fi hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe yé wọn pé kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hepatitis B, ni wọ́n ti ń di mú láti ọjọ́ yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó fà á sí aláìsàn lára.

Àwọn dókítà ní Dakar ti ń fura láti àwọn ọdún 1950 pé àìsàn ẹ̀dọ̀ yìí ni ó ń bí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, náà fi hàn pé ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn ọkùnrin wa. Ẹgbẹ́ Philadelphia dara pọ̀ mọ́ àwọn ará Senegal, wọ́n sì rí i pé kòkòrò náà wọ́pọ̀ lára ìyá àwọn tí jẹjẹrẹ náà mú. Ìyá ń kó o ran ọmọ nígbà ìbí. Bí àgbàlagbà bá kó o, ara rẹ̀ sábà máa ń lé e jáde; ṣùgbọ́n nínú ọmọ tuntun mẹ́wàá tí ó bá kó o, bíi mẹ́sàn-án ni yóò gbé e títí ayé, láìmọ̀, títí ẹ̀dọ̀ yóò fi bàjẹ́. Ní Taiwan, R. Palmer Beasley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ́ ọkùnrin 22,707 fún ọdún mélòó kan. Ìròyìn wọn ní 1981 fi hàn pé ewu jẹjẹrẹ náà lára àwọn tí ó ní kòkòrò náà lé ní ìlọ́po igba ti àwọn tí kò ní in.

Ṣáájú èyí, ní 1969, Blumberg àti Irving Millman ti mọ ọ̀nà tí a lè gbà ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní kòkòrò náà. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ọdún 1981 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ náà. Ní 1984 Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tuntun, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàrin àwọn ọmọdé ibẹ̀ sì dín kù. Nàìjíríà mú un wọ inú àjẹsára ọmọdé ní 2004.

Àwọn tí àrùn náà ti wọ̀ lára ńkọ́? Abẹ́rẹ́ Blumberg kò wò wọ́n, ìgbàgbọ́ wa sì ni pé ibí ni ó yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn ti kọ́ irú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí ó ṣe. Àìsàn méjì ni aláìsàn náà ń gbé, jẹjẹrẹ àti ẹ̀dọ̀ tí ó ti gbó. Oògùn tí ó ń pa ọ̀kan lè pa á lára nípa èkejì. Nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é dáadáa, dókítà ẹ̀dọ̀, oníṣẹ́ abẹ, onímọ̀ àwòrán, dókítà jẹjẹrẹ àti àwọn nọ́ọ̀sì a jókòó yí tábìlì kan ká lórí ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Wọn a wo agbára tí ó kù nínú ẹ̀dọ̀, bí kókó náà ti tóbi tó, àti bóyá ó ti wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ kò bá ṣeé ṣe, onímọ̀ àwòrán lè ti oògùn gba inú iṣan tí ń bọ́ kókó náà, kí ó sì dí i. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé iṣan tí ó ti ọkàn wá ni ó ń bọ́ kókó náà, nígbà tí èyí tí ó ti ìfun wá ń bọ́ ẹ̀dọ̀ tí ó kù. Láti 2007 ni oògùn oníhóró sorafenib ti wà fún èyí tí ó ti tàn kálẹ̀. Láti 2020 ni wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ méjì, atezolizumab àti bevacizumab, ṣe é pọ̀. Wọn a tún fi oògùn mìíràn tẹ kòkòrò mẹ́dọ̀wú náà mọ́lẹ̀. Owó wọn kì í ṣe kékeré, a kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ. Ṣùgbọ́n fífa omi inú ikùn àti mímú ìrora rọlẹ̀ kò nílò ohun ìyanu. UCH ní ẹ̀ka tí ń ṣe ìtọ́jú ìrora, wọ́n sì ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ní 2019. Bàbá tiwa kò dé ọ̀kankan.

Blumberg padà sí Oxford, ó jẹ́ olórí Balliol College láti 1989 sí 1994, lẹ́yìn náà ó darí ẹ̀ka NASA tí ń wádìí bóyá ohun ẹlẹ́mìí wà níbòmíràn. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2011, níbi ìpàdé kan ní ibùdó NASA ní California, àìsàn ọkàn kọlù ú lójijì, ó sì kú ní ẹni ọdún 85. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 28 oṣù Keje, ni a fi ń ṣe Àyájọ́ Mẹ́dọ̀wú Àgbáyé lọ́dọọdún.

Àwọn ọmọ bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu wa. A rí kòkòrò náà lára ọ̀kan nínú wọn, ó sì ti ń gba ìtọ́jú. Ìyàwó àbíkẹ́yìn bímọ láìpẹ́ sí ìgbà náà; ọjọ́ tí a bí ọmọ náà gan-an ni wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.