Ìtàn Ìgbésí Ayé Robert Emerson, Ẹni tí ó Ka Iṣẹ́ Ewé

Àwa tí a wà ní Mando níbí, tí à ń kọ́ nípa igi àti igbó, ojoojúmọ́ ni à ń rí ewé. Ẹni tí ó bá ti gba ẹ̀bá igbó Afaka kọjá lọ́sàn-án gangan mọ oore tí ewé ń ṣe. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ ìtàn ọkùnrin tí à ń pè ní Emerson nínú ìwé ìdánwò wa? Ọ̀pọ̀ wa kàn há Emerson effect sórí ni, a kọ ọ́ sílẹ̀, a gba máàkì, ó parí.

Ìlú New York ni a ti bí Robert Emerson ní ọjọ́ 4, oṣù kọkànlá, ọdún 1903. Ilé onímọ̀ ni ó ti jáde. Dókítà ni Haven Emerson, baba rẹ̀, ó sì ti ṣe olórí ètò ìlera ìlú náà rí. Nígbà tí Robert ṣe tán ní Harvard, ó kọjá sí ìlú Berlin ní Jámánì, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Otto Warburg, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1931. Ọ̀dọ̀ Warburg ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń lo manometer, ohun èlò tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ tí ó jáde tàbí tí ó wọlé. Ní 1927 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ fi manometer yìí sọ́kàn.

Ní 1932, ní Caltech ní California, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ kan, William Arnold, kó Chlorella sínú ìgò. Ẹbí ohun tíntìntín tí ń sọ omi àgbá di àwọ̀ ewé ni Chlorella. Wọ́n wá ń tan iná sí i, kí ó bù yẹ̀rì bí iná kámẹ́rà, kí ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé bí iná náà bá ti lágbára tó, mólékù chlorophyll kọ̀ọ̀kan yóò dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí iná náà mọ́lẹ̀ tó, nǹkan bí 2,500 mólékù chlorophyll ni ó ń para pọ̀ mú mólékù ọ́síjìn kan ṣoṣo jáde. Kí wá ni àwọn yòókù ń ṣe? Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n ni?

Ẹni tí ó bá ti wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Mando yóò tètè lóye rẹ̀. Àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn kì í dìde lọ bá kọ̀ńdọ́, tí àwọn ará ibí ń pè ní kwandasta. Ńṣe ni wọ́n ń fi owó lé ẹni iwájú lọ́wọ́, onítọ̀hún á fi lé ti iwájú rẹ̀, títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni kan tí ń gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni agbára ìmọ́lẹ̀ ń rìn láàárín chlorophyll. Ó sì gbọ́dọ̀ yá, nítorí èyí tí ó bá pẹ́ lọ́nà yóò di ooru lásán.

Hans Gaffron àti Kurt Wohl ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ báyìí ní 1936. Ní 1946, ará Jámánì kan, Theodor Förster, fi ìṣirò hàn bí mólékù méjì tí kò fara kanra ṣe lè gba agbára lọ́wọ́ ara wọn, láìjẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kankan tàn láàárín wọn. Bí àyè àárín wọn bá di ìlọ́po méjì, gbígbà náà yóò fi ìlọ́po 64 dínkù.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù tún sọ ohun tí ó ju èyí lọ: agbára kan lè wà lọ́dọ̀ mólékù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé owó kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ èrò mẹ́ta. Ní 2007, Graham Fleming àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley sọ pé àwọn rí àmì rẹ̀ nínú bakitéríà kan. Ariwo ta. Àwọn mìíràn tún un wò, nígbà tí yóò sì fi di 2020, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé gbígbọ̀n tí mólékù ń gbọ̀n ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe àfarawé ìrìn agbára yìí, iṣẹ́ náà kò sì rọrùn rárá, nítorí a kò lè ṣírò mólékù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Gbogbo wọn pọ̀ ni, pẹ̀lú gbígbọ̀n ohun tí ó yí wọn ká. Èyí tí wọ́n ń lò jù fún àfarawé náà kò ní ju mólékù méje tàbí mẹ́jọ lọ. Ẹ sì rántí 2,500 tí Emerson kà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ibi tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ jù ṣì kù. Warburg ti sọ láti nǹkan bí 1922 pé ẹyọ ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin ni ewé ń ná lórí ọ́síjìn kan. Ta ni yóò bá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ jiyàn? Emerson àti Charlton Lewis fi manometer, èyí tí Warburg fúnra rẹ̀ kọ́ ọ, wọn ọ̀ràn náà wò. Wọ́n rí i pé bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, carbon dioxide a máa tú jáde lójijì, a sì máa dà bí ọ́síjìn lójú ẹni tí ń wọ̀n ọ́n. Tiwọn já sí mẹ́jọ sí méjìlá. Nílé wa, a ó ní ọmọ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́. Àbùkù kọ́ ni Emerson fi kan ọ̀gá rẹ̀ o. Ní 1948 Warburg wá sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Urbana, ní Illinois, kí wọ́n lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n túká láìfohùn ṣọ̀kan. Ní tiwa o, ẹni tí ó lè gba ọ̀gá tí ó ń bá a jiyàn sí ibi iṣẹ́ ara rẹ̀, a ní láti bọ̀wọ̀ fún un.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ará ìlú rẹ̀ tí ó jẹ́ ìran Jàpáànù sí àgọ́, Emerson bá àwọn tí ó wà ní Manzanar ṣiṣẹ́ lórí guayule, igi kékeré tí ó ń mú rọ́bà jáde.

Ní 1957 ni Emerson effect wá dé. Ìmọ́lẹ̀ pupa tí ó kọjá 680 nm kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí ó bá dá wà. Bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí ó kúrú jù ú lọ kún un, iṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀ yóò ju àròpọ̀ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ibùdó iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú ewé.

Kò pẹ́ láyé láti rí ibi tí iṣẹ́ náà dé. Ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 1959, ọkọ̀ òfuurufú tí ó ń gbé e bọ̀ láti Chicago já sínú odò East River ní New York, ìlú tí a ti bí i. Ènìyàn 73 ni ó wà nínú rẹ̀, 65 kú, Emerson sì wà lára wọn. Ẹni ọdún 55 ni.

Warburg wà láyé di 1970, kò sì gbà fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Nínú ìwé tí àwa ń kà lónìí, mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni wọ́n kọ síbẹ̀.